Okùn Tí Wọ́n Fi Pín Òkun

Èmi Búrékì ni mo lọ́ okùn náà.
Ẹ má bi ẹlòmíràn.
Oṣù mẹ́fà ni èèpo àgbọn fi rẹ nínú ọ̀sà,
mo lù ú, mo sá a, mo fi itan mi lọ́ ọ
títí irun itan mi fi tán.
Wọ́n ní okùn ọkọ̀ ni.
Mo gbà, torí ọkọ̀ tiwa kò ní ìṣó,
okùn la fi ń rán pákó mọ́ pákó
bí ẹni ń rán aṣọ.

Ọba kú lóru Jímọ̀, kò dárúkọ àrólé.
Mihíra ní òun ni ọkùnrin.
Kámánà ní òun ni àgbà.
Àwọn ìjòyè jẹun lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì,
wọ́n nu ẹnu, wọ́n ní kí wọ́n pín in.
Wọ́n wá gba okùn mi,
wọ́n nà án láti orí iyùn Húfádù
lọ síbi tí omi ti dúdú bí aró:
okùn tán, okun tán, òkun ò tán.
Wọ́n so èèpo àgbọn mọ́ ọn kó lè léfòó.
Àríwá ti Kámánà, gúúsù ti Mihíra.
Ìgbì gbé okùn lọ lálẹ́ ọjọ́ kejì.
Ààlà kò bá a lọ.

Kúdà Kalóge ọkọ mi wà ní gúúsù lọ́jọ́ náà,
ó lọ ra ẹja gbígbẹ.
Nígbà tó ń bọ̀, wọ́n bi í pé ọmọ ìlú wo ni.
Ó ní, "Ọmọ omi."
Wọ́n gba owó oníbodè níhìn-ín, wọ́n tún gbà á lọ́hùn-ún,
ìrù ẹja ló kù tó gbé délé.
A sè é. A rẹ́rìn-ín.
Nígbà yẹn a ṣì ń rẹ́rìn-ín.

Owó ẹyọ ńkọ́? Obìnrin ló ń kó o,
nígbà tí omi bá fà, tí òṣùpá bá kún.
A ó wọ omi dé ìbàdí, a ó ká a lára imọ̀ àgbọn,
a ó rì í mọ́ yanrìn kí ẹran inú rẹ̀ jẹrà.
Òórùn owó: ẹni tó bá gbọ́ ọ kì í gbàgbé.
Àwọn ará Bẹ̀ngálì a kó ìrẹsì wá,
wọ́n a fi owó dípò rẹ̀, ọkọ̀ a sì rì dé etí.

Ọ̀gákọ̀ wo ni yóò san bodè lẹ́ẹ̀mejì
lórí ẹrù kan?
Ọdún àkọ́kọ́, ogún ọkọ̀. Ọdún kẹta, méjì.
Ọdún karùn-ún, ẹyẹ òkun nìkan ló gúnlẹ̀.
Mihíra sun ọkọ̀ Kámánà, Kámánà sun ti Mihíra,
èéfín wọn pàdé lókè, kò béèrè ààlà.
Kalóge wà nínú ọ̀kan.
N kò mọ ti ta ni.
Okùn àgbọn tètè ń gbiná.

Ìrẹsì wá di ìtàn.
Owó wà nílé, ó ga kan àjà,
ọmọ-ọmọ mi ń fi í tẹ́ ilẹ̀.

Lóru, tí oorun bá kọ̀, mo máa ń rò ó:
ká ní ọba yẹn lanu kó tó kú,
ká ní okùn mi já lọ́wọ́ wọn,
ibo ni owó wọ̀nyí ì bá ti dé?
Bóyá kó la Bẹ̀ngálì kọjá, kó gun ràkúnmí,
kó dé ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò rí òkun wa rí,
kí ọwọ́ kan tí n kò mọ̀ dá a lu,
kó sín in ní ogójì ogójì,
kó sì pe ogójì náà ní okùn kan.
Kí obìnrin kan níbẹ̀ gbé e súnmọ́ imú,
kó ní, "Kí ló ń rùn báyìí?"

N kò mọ orúkọ rẹ̀.
Kí ló wá ń kà, níbi tó wà,
tí owó mi kò dé?